Ta Ni Yóò Dáwó Ohun Tí Gbogbo Ayé Ń Jẹ?

Àwọn ọ̀dọ́ tó ti gba dígírì kìíní tàbí ìkejì, tí wọ́n sì ń ronú oyè ọ̀mọ̀wé, ni mo dìídì gbé ọ̀rọ̀ òní wá fún. Àmọ́ kí bàbá àti ìyá má tíì yí rédíò sí ibòmíì, torí ọ̀rọ̀ owó ni, ẹ̀yin lẹ sì mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti Làìbéríà, tó gba Lomé kọjá, ṣubú lulẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkejà. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Obaléńdé. Ebola ló ń ṣe é, ó sì fẹ́ kí wọ́n yọ̀ǹda òun, torí ìpàdé kan wà tó ń lọ ní Kàlàbá. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh yarí pé kò níbi tó ń lọ. Dókítà náà kó àrùn ọ̀hún, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ta ló jẹ àǹfààní iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Èkó lọ́dún náà? Ará Èkó jẹ ẹ́, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ará Kútọnu náà jẹ ẹ́, ará Àjàṣẹ́ jẹ ẹ́, ará Lomé àti Ákrà jẹ ẹ́. Ẹni tó ń gbé London, tí ọkọ̀ òfuurufú ń ti Èkó wá balẹ̀ sí ìlú rẹ̀, jẹ ẹ́ pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Obaléńdé rí. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí wọ́n mú ìwé owó wá ká mọ́lé. Àwọn tó san án ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó fẹ̀mí dí i, àwọn tó ń rìn láti ojúlé dé ojúlé láti wá ẹni tó ti fara kan aláìsàn, àti àpò ìjọba pẹ̀lú àwọn tó bá a dá sí i.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀ka ìmọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé pè é ní ọ̀rọ̀ ohun àjùmọ̀ní àti àjọṣe láàárín orílẹ̀-èdè. Ohun àjùmọ̀ní ni ohun tí jíjẹ tèmi kò dín tìrẹ kù, tí a kò sì lè ti ẹnikẹ́ni síta kó má jẹ nínú rẹ̀. Paul Samuelson ló kọ́kọ́ fi ìṣirò gbé e kalẹ̀ kedere ní 1954, nínú àròkọ tí kò ju ojú ìwé mẹ́ta lọ. Ohun tó rí kò ṣòro lóye: bí a bá ní kí kálukú dá iye tó wù ú, owó kò ní pé láéláé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà àdúgbò. Bó bá jóná, wọ́n á pe ìpàdé, wọ́n á bu owó lé ojúlé kọ̀ọ̀kan, àwọn kan á san, àwọn kan á ní òde ìrìn-àjò làwọn wà. Ọjọ́ tí iná bá dé, ó ń tàn nílé ẹni tó san, ó ń tàn nílé ẹni tí kò san.

Nínú orílẹ̀-èdè kan, ìjọba lè fi owó orí yanjú rẹ̀: bó o fẹ́ bó o kọ̀, wàá san. Láàárín orílẹ̀-èdè ńkọ́? Kò sí ọba kan lókè tó lè rán ọlọ́pàá lọ mú Amẹ́ríkà tàbí Ṣáínà, tàbí Nàìjíríà pàápàá, pé ó jẹ gbèsè. Àdéhùn nìkan ló wà. Àdéhùn tí àwọn tó ṣe é kò bá sì fara mọ́, ìwé lásán ni. Báwo la ṣe ń ṣe àdéhùn tí gbogbo wọn yóò fọwọ́ ara wọn pa mọ́? Ìbéèrè yẹn ni àwọn èèyàn ti ń gba oyè ọ̀mọ̀wé lé lórí láti bí ogójì ọdún, kò sì tíì tán.

Ẹnì kan wà tó ràn wá lọ́wọ́ láti rí i pé ohun àjùmọ̀ní kì í ṣe oríṣi kan. Jack Hirshleifer ni, ní 1983. Ó ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé àròpọ̀ ohun tí gbogbo ayé ṣe ló ṣe pàtàkì. Èéfín tó ń mú ayé gbóná wà nínú èyí: ìwọ̀n tó ti Chicago jáde àti ìwọ̀n tó ti Èkó jáde, inú òfuurufú kan náà ni wọ́n ń kó sí. Àwọn míì wà tó jẹ́ pé ẹni tó ṣe é dáadáa jù lọ nìkan la nílò. Bí iléeṣẹ́ ìwádìí kan bá rí oògùn, ayé ti rí i nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni èyí tó dùn mọ́ mi jù: ibi tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó kù díẹ̀ káàtó jù lọ ni gbogbo ọ̀ràn wà. Ó ní kí ẹ fojú inú wo erékùṣù kan tí òkun yí ká, tí oníkálukú ń mọ ògiri sí ẹ̀yìn ilẹ̀ tirẹ̀. Ògiri tó rẹlẹ̀ jù lọ ni omi yóò gbà wọlé, bí ti aládùúgbò rẹ̀ tilẹ̀ ga tó òkè Olúmọ.

Àrùn àkóràn ni ẹ̀rí èyí. Àrùn ilẹ̀ gbígbóná, èyí tí àwọn àgbà wa kì í fẹ́ dá orúkọ rẹ̀ lóhùn gan-an, kò sí mọ́ láyé lónìí. Apá kan ìtàn bó ṣe lọ ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ìparí ọdún 1966, àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ogoja, nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kò kárí. William Foege, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pinnu pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ pé àwọn ò ní fún gbogbo ayé ní abẹ́rẹ́. Wọ́n wá aláìsàn kọ̀ọ̀kan kàn, wọ́n sì fún àwọn tó yí i ká. Àrùn náà kò rí ibi gbà. Ọgbọ́n yẹn ni wọ́n gbé káàkiri ayé. Ẹni tí àrùn náà mú gbẹ̀yìn láwùjọ ni alásè ilé ìwòsàn kan ní Merca, ní Sòmálíà, ní oṣù Kẹwàá 1977. Nígbà tó di 1980, wọ́n kéde pé ó ti parẹ́. Gbogbo owó tí wọ́n ná sí ètò náà láti 1967 kò ju nǹkan bíi 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Láti ìgbà náà, orílẹ̀-èdè olówó tí kò ti rí àrùn náà nílé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún bọ́ lọ́wọ́ owó abẹ́rẹ́ tó ń ná lọ́dọọdún. Àǹfààní tirẹ̀ ni pé Sòmálíà rí iṣẹ́ náà ṣe parí, kì í ṣe àánú.

Ẹ wá fi wé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ní 2003, wọ́n dá fífún àwọn ọmọdé ní oògùn àjẹsára rẹ̀ dúró ní Kano, torí ìfura pé nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀. Wọ́n padà sí i ní 2004, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn tó ti apá Àríwá wa jáde ti ń rìn. Ó dé nǹkan bí ogún orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2005, ó dé Indonesia. Ó di oṣù Kẹjọ ọdún 2020 kí wọ́n tó lè kéde pé irú rẹ̀ ti àtilẹ̀wá ti kúrò ní Áfíríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé tó bá gbé èyí wò yóò béèrè pé: èló ló yẹ kí Indonesia fẹ́ san fún ìfọ̀kànbalẹ̀ àwọn òbí ní Kano? Ta ni yóò gba owó náà? Báwo la ó ṣe ná an tí kò fi ní dà bíi pé à ń fi owó ra ara ọmọ ọlọ́mọ? Mi ò ní ìdáhùn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìbéèrè gidi nìyẹn.

Ní ti àdéhùn, méjì péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi wé ara wọn. Ọ̀kan ni ti Montreal, ní 1987, lórí àwọn gáàsì inú fíríìjì tó ń ba ìbòrí òsóònù ayé jẹ́. Èkejì ni ti Kyoto, ní 1997, lórí èéfín tó ń mú ayé gbóná. Ti Montreal kẹ́sẹ járí débi pé nígbà tó fi di 2009, gbogbo orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ti fọwọ́ sí i. Ti Kyoto, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ṣùgbọ́n kò fi ṣe òfin. Ní 2001 ó lóun ò ṣe mọ́. Kánádà náà kéde ní 2011 pé òun ń jáde. Ìyàtọ̀ wọn? Ti Montreal ní pàṣán àti àkàrà lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ò ní bá ẹni tí kò bá wọlé ra gáàsì náà, àwọn ò sì ní tà á fún un. Wọ́n tún dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ láti fi pààrọ̀ ẹ̀rọ wọn. Ti Kyoto kò ní èyí tó lè ro ni lára bẹ́ẹ̀. Scott Barrett ti fi ìṣirò sọ ọ́ ní 1994, kí Kyoto tó wáyé rárá: níbi tí èrè ìfọwọ́sowọ́pọ̀ bá ti pọ̀ gan-an, ibẹ̀ gan-an ni àdéhùn tó ń gbé ara rẹ̀ ró kì í ti í rí ju orílẹ̀-èdè díẹ̀ mú. William Nordhaus, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018, dábàá ní 2015 pé kí wọ́n ṣe é bí ẹgbẹ́: ẹni tó bá wà níta yóò máa san owó orí lórí ọjà tó bá ń kó wọlé sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbìn kòkó tàbí tẹ́ ẹ ń kó o lọ sí Yúróòpù, ẹ tẹ́tí sí irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò wà níta ni.

Kì í ṣe orí ìwé nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí yìí o. Wọ́n ń fi eré ṣe é, eré tó ní owó gidi nínú. Èyí kan wà tí Manfred Milinski àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Jámánì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008. Wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà-mẹ́fà jókòó bí ẹgbẹ́, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 40 euro. Ìgbà mẹ́wàá ni wọn yóò dáwó. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ènìyàn lè má dá nǹkan kan, ó lè dá 2 euro, ó lè dá 4. Bí owó tí gbogbo wọn dá bá pé 120 euro, kálukú yóò mú èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sílé. Bí kò bá pé, wọ́n á ta ayò: nínú ọ̀nà mẹ́wàá, mẹ́sàn-án wà tí gbogbo wọn yóò fi pàdánù gbogbo owó ọwọ́ wọn. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí oníkálukú bá dá 20, ó pé, ó sì ku 20 lọ́wọ́ kálukú. Kò sí ohun tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìdajì àwọn ẹgbẹ́ náà péré ló dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n dín ewu náà kù sí ọ̀nà márùn-ún nínú mẹ́wàá, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nínú mẹ́wàá ló rí i ṣe. Ẹ fi owó pọ́ọ́kú dán an wò nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, ẹ ó rí ẹni tó máa ń dúró kí àwọn yòókù kọ́kọ́ dá.

Ernst Fehr àti Simon Gächter ti kọ́kọ́ ṣe irú eré mìíràn ní Zurich, ní Switzerland. Níbẹ̀, ẹni tó bá rí i pé ẹnì kan kò dáwó lè fi owó ara rẹ̀ jẹ ẹ́ níyà: ó ná ẹyọ kan, ẹni tí kò dáwó pàdánù mẹ́ta. Kò sí èrè kankan níbẹ̀ fún ẹni tó ń fìyà jẹ ni, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe é, owó tí wọ́n ń dá sì ga sí i. Nígbà tó di 2008, wọ́n tẹ àbájáde eré yìí kan náà jáde láti ìlú mẹ́rìndínlógún: Boston, Nottingham, Seoul, Istanbul, Riyadh, Athens àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ìlú kan, ẹni tó dáwó púpọ̀ gan-an ni wọ́n ń jẹ níyà, bíi pé wọ́n ní, “Ta ló ní kó o ṣe ju àwa lọ?” Mo wo orúkọ ìlú mẹ́rìndínlógún náà. Kò sí ìlú Áfíríkà kan ṣoṣo nínú wọn. Kò sí Ìbàdàn, kò sí Kútọnu, kò sí Ákrà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ mi mú lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ yín ló ń wá sikọ́láṣíìpù kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ lálẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti wá rí i, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣèwádìí lé lórí, lọ́jọ́ méjì tó kù kí ilẹ̀kùn tì. Ní tèmi, ẹsẹ̀ ò gba ibẹ̀. Ìbéèrè ló ń fa owó mọ́ra. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà ní Bonn tàbí Zurich ní akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìṣirò rẹpẹtẹ lọ́wọ́. Èyí tí kò ní ni ẹni tó mọ bí àwọn ọlọ́kọ̀ ṣe ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá.

Ẹ gbọ́ nípa obìnrin kan. Elinor Ostrom fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ọrọ̀ ajé ní yunifásítì tó wà ní Los Angeles. Wọn ò gbà á, torí kò ní ìṣirò tó. Nílé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ti sọ fún un pé ọmọbìnrin kò nílò rẹ̀. Ó lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ òṣèlú. Ìbéèrè tó gbé dání kò jìnnà sí ilé: àwọn tó ni kànga lágbègbè Los Angeles ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ kan náà, wọ́n fà á débi tí omi òkun fi ń wọnú rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe gbà láti dín in kù láìjẹ́ pé ọ̀gá kan pàṣẹ fún wọn? Orí èyí ló ti gba oyè ní 1965. Láti ibẹ̀ ló ti lọ wo àwọn apẹja, àwọn darandaran àti àwọn tó ń pín omi odò káàkiri ayé. Ní 2009 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ọrọ̀ ajé. Mo rò pé àwọn tó tì í síta lọ́jọ́ náà á ti ronú jinlẹ̀.

Kí ló wá wà ní àyíká tiwa? Ó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú díẹ̀.

Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó dá ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Èkó. Ọ̀nà tí ECOWAS ń gbà rí owó ni pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yọ ìdajì náírà nínú ọgọ́rùn-ún náírà ọjà tó bá ti ìta agbègbè náà wọlé. Àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè náà ló ń gbà á, wọ́n á sì fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbígbà yàtọ̀ sí fífi ránṣẹ́, àwọn kan sì máa ń jẹ gbèsè rẹ̀. Ta ló ń san án déédéé, kí nìdí? Ìgbà tí Mali, Burkina Faso àti Níjẹ̀r jáde ní oṣù Kìíní 2025, kí ló yí padà nínú bí àwọn yòókù ṣe ń san?

Iná mànàmáná ńkọ́? Nàìjíríà ló ń ta iná fún Níjẹ̀r, Benin àti Tógò. Benin àti Tógò dá iléeṣẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ ní 1968 láti máa bá àwọn méjèèjì ra iná. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní Níjẹ̀r ní 2023, Nàìjíríà já iná wọn. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ òṣèlú dé, ó bá wáyà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àjọṣe lórí ọjà kan lè mú àjọṣe lórí nǹkan míì dúró, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin wà níbẹ̀.

Odò Bẹ́núé náà wà níbẹ̀. Kamẹrúùnù mọ ìdídò Lagdo, wọ́n parí rẹ̀ ní 1982. Nàìjíríà ní í lọ́kàn láti mọ tirẹ̀ sí Dasin Hausa, ní Adamawa, tí yóò gba omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ lókè. Kò tíì parí títí di òní. Ní 2012 àti 2022, omíyalé bo ọ̀pọ̀ ìlú létí odò náà, tó fi dé Lọ́kọ́ja. Ẹni tó wà lókè odò ń rí iná lò, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń kó ẹrù sórí pákó. Àdéhùn wo ló yẹ kó wà láàárín wọn, ta ni yóò sì máa sanwó fún ta?

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù kò tilẹ̀ jìnnà. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ilà kan gba àárín àwọn ọmọ Kétu kọjá. Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè kan náà, oríkì kan náà, ìjọba méjì, owó méjì, owó orí méjì. Bí a bá gbé eré ìdáwó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lọ síbẹ̀, ṣé wọn yóò dá iye kan náà? Bí ará Ìmẹ̀kọ bá sì mọ̀ pé ará Kétu ni òun ń bá dáwó, ṣé yóò dá púpọ̀ sí i tàbí kó dín in kù? Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá ka ojú ìwé méjì lórí èyí yóò fẹ́ gbọ́ ìyókù rẹ̀.

Ó dáa, ìbéèrè ti wà. Níbo lẹ ó gbé e lọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní African Economic Research Consortium, AERC, tó wà ní Nairobi láti 1988. Wọ́n ní ètò ọ̀mọ̀wé alájùmọ̀ṣe tó ti wà láti 2002, Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó ń gbàlejò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ ìpìlẹ̀ ní yunifásítì tó gbà á, yóò sì lọ sí Nairobi fún àwọn ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ju owó lọ ni pé ẹ ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín láti Kẹ́ńyà, Ghana, Uganda àti Tanzania jókòó, àwọn lẹ ó sì máa bá ṣiṣẹ́ títí ayé yín.

WASCAL ni èkejì. Ìjọba Jámánì ló ń náwó sí i pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lórí ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní apá tirẹ̀: ti ọrọ̀ ajé wà ní yunifásítì Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ti omi wà ní Abomey-Calavi, ní Benin, FUTA ní Àkúrẹ́ ló ní ti ètò ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Sábẹ àti Ìdáṣà, tí Faransé kò ṣòro fún, ẹ má fojú di ti Dakar. Wọ́n tún máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Jámánì fún oṣù mélòó kan.

Ní Jámánì gan-an, ohun kan wà tó máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu: ọ̀pọ̀ àyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ jẹ́ iṣẹ́, kì í ṣe sikọ́láṣíìpù. Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò gba owó ìwádìí, yóò sì polówó àyè bí wọ́n ṣe ń polówó iṣẹ́. Ẹni tó bá wọlé yóò máa gba owó oṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà jẹ́ owó oṣù odidi òṣìṣẹ́, wọn yóò sì máa yọ owó orí rẹ̀ bíi ti ẹlòmíì. Èyí ló fà á tí ìwé ìbéèrè fún un fi yàtọ̀. Wọn kò wá ìtàn bí ìyà ṣe jẹ yín. Ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń wá. Yàtọ̀ sí èyí, DAAD, tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní sikọ́láṣíìpù, wà, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ìdàgbàsókè ZEF tó wà ní Bonn náà sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ti Amẹ́ríkà gùn: ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ líle ni, ìṣirò ni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní dígírì kìíní tó dáa lè wọlé tààrà, yunifásítì yóò sì máa san owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó oúnjẹ rẹ̀, òun náà yóò máa ran wọn lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kékeré. Oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ wọn ń ti ilẹ̀kùn, fún ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba nílé, ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ yín léèrè ohun tí TETFund, àpò owó ìjọba fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, ṣì lè ṣe fún yín.

Kí ni wọn yóò béèrè? Ìṣirò ṣáájú. Ẹ má jẹ́ kí ìtàn Ostrom tàn yín jẹ; lónìí, ẹni tí kò mọ calculus, linear algebra àti econometrics yóò jìyà púpọ̀. Ẹ kọ́ Stata tàbí R, tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni R, kọ̀ǹpútà àlòkù sì tó o. Ẹ ka eré ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní game theory, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ka yìí dúró lé. Lẹ́yìn èyí, àpẹẹrẹ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti kọ, ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta, àti ìwé ìbéèrè ìwádìí tí kò gùn jù. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tó mọ̀ yín gan-an kọ ti yín. Ìwé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà tí kò lè sọ ju pé “ọmọ dáadáa ni” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun fífi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí àádọ́ta èèyàn. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ ka iṣẹ́ ẹni náà kan, ẹ sọ ohun kan pàtó nípa rẹ̀ tẹ́ ẹ rò pé kò bá ohun tẹ́ ẹ mọ̀ mu níbí, kẹ́ ẹ sì sọ ẹ̀rí tẹ́ ẹ lè rí kó jọ. Ìlà mẹ́wàá ti tó. “Good day sir, I am a hardworking and God-fearing student” kò ṣe nǹkan kan fún yín.

Ọ̀rọ̀ àwọn oníjìbìtì: àyè ọ̀mọ̀wé gidi kì í ní kẹ́ ẹ san owó sínú àkáǹtì ẹnì kan kí wọ́n tó fún yín. Yunifásítì lè gba owó fọ́ọ̀mù, pàápàá ní Amẹ́ríkà, ó sì máa ń ṣeé ṣe kí wọ́n dárí rẹ̀ jì yín bẹ́ ẹ bá tọrọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun yóò “ṣe é” fún yín, ẹ sá fún un.

Ẹ̀yin òbí yóò bi mí pé, lẹ́yìn náà ńkọ́, iṣẹ́ wo ni yóò ṣe? Ẹgbẹ́ tó so iná mànàmáná àwọn orílẹ̀-èdè wa pọ̀, Kútọnu ni ibùjókòó rẹ̀ wà. Abuja ni ECOWAS wà, Abidjan ni Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà wà, Niamey ni àjọ tó ń rí sí Odò Ọya wà. Gbogbo wọn ló nílò ẹni tó lè ṣe ìṣirò ẹni tí yóò dá èló. Àwọn míì á padà wá kọ́ni ní yunifásítì, ibẹ̀ náà sì ṣófo ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó kẹ́yìn, kókó ni fún ọmọ Nàìjíríà: transcript, ìwé èsì ìdánwò yín. Ẹ lọ béèrè rẹ̀ ní yunifásítì yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó tó di pé ẹ rí àyè kankan. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ san owó rẹ̀, ẹ fi í pamọ́, kẹ́ ẹ sì padà lọ bi wọ́n léèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.